Ọgbẹ́ Kékeré, Ìtọ́jú Gígùn: Ìtàn Ìwòsàn Gẹ̀gẹ̀ Dé Ọ̀wọ̀ àti Ọsẹ

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àìsàn tí èèyàn lè fi pamọ́. Ohun tó bá ń ṣe inú, aṣọ lè bò ó. Egbò ẹsẹ̀ lè wà lábẹ́ ìró. Ṣùgbọ́n kókó tó bá yọ lọ́rùn ni ojú ará ọjà á kọ́kọ́ bọ́ sí kí wọ́n tó kí ẹni tó ni ín. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí ọrùn ti jẹ́ ìjókòó iyùn, tí Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú, fúnra rẹ̀ ń fi ìlẹ̀kẹ̀ bo ọrùn àti àyà jáde nígbà ọdún Igogo tí ìlú fi ń rántí ayaba Ọ̀rọ̀nsẹ̀n, kò yani lẹ́nu pé aláìsàn á fẹ́ mọ bí àpá tó máa kù lọ́rùn òun ṣe máa tóbi tó. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn, ìmọ̀ ìṣègùn ti rí ìdáhùn tó dùn mọ́ni fún un: a lè fi abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo jó kókó náà níbi tó wà, kí aláìsàn sì padà sílé lọ́jọ́ kan náà láìsí ojú abẹ lọ́rùn rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi ìtàn gbè lẹ́yìn níhìn-ín ni pé láti bí àádọ́jọ ọdún tí ojú ọgbẹ́ yìí ti ń kéré sí i, ìtọ́jú tó ń tẹ̀ lé e ló ń gùn sí i. Ẹni tó bá rò pé ọgbẹ́ kékeré ni ìwòsàn kíákíá kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán. Fún àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ọsẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ilẹ̀ wọn ní ewu tirẹ̀ tí n óò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan.

Inú oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tó wà níwájú ọ̀nà ọ̀fun, ń lo áyódíìnì láti ṣe hòmóònù tó ń darí ooru ara, ìdàgbàsókè ọmọ àti agbára tí a fi ń ṣiṣẹ́. Bí áyódíìnì bá wọ́n, ẹ̀yà náà á máa wú kó lè kó ìwọ̀nba tó bá rí. Bó bá sì pẹ́, ìwú náà á di kókó. Inú òkun ni áyódíìnì pọ̀ sí jù, òjò sì ti ń fọ ti orí ilẹ̀ lọ láti ọdún gbọ́nhan. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé iyọ̀ òkun tí àwọn Ìlàjẹ àti àwọn ará etíkun mìíràn ń sè, tí àwọn oníṣòwò ń gbé lọ sí ọjà òkè, ló dáàbò bo àwọn baba ńlá wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ òkun tí a sè gbẹ kì í ní áyódíìnì tó tó nǹkan. Ẹja òkun ló ní in, ẹja òkun tútù kò sì lè dé Ifọ́n tàbí Ìdóàní ní Ọsẹ kó má tíì bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé orí àti ẹsẹ̀ ni ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gẹ́ tún gbòde. Ní 1967, Ekpechi gbé ìwádìí jáde lórí gẹ̀gẹ̀ ní apá Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà, ó sì tọ́ka sí ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa; ní àwọn ọdún 1970, Delange àti Ermans rí irú rẹ̀ ní erékùṣù Idjwi ní ilẹ̀ Kóńgò. Oró tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ń di ohun kan nínú ara tó ń bá áyódíìnì du ọ̀nà tó fi ń wọ táírọ́ìdì. Rírẹ, fífún àti yíyan gàrí ń lé ọ̀pọ̀ oró náà jáde, nítorí náà kì í ṣe gàrí ni ọ̀tá. Ìkánjú lórí gàrí níbi tí áyódíìnì ti wọ́n ni ọ̀tá.

Kí dókítà tó dé, gbẹ́rẹ́ àti àgúnmu ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. N kò rí ìdí tí a ó fi fi àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìgbà náà ṣe yẹ̀yẹ́. Gẹ̀gẹ̀ máa ń rọra dàgbà, ó tún lè dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí oògùn kankan, ẹni tó bá sì sín gbẹ́rẹ́ sí i nígbà tó dúró yẹn á gbà tọkàntọkàn pé òun ló dá a dúró. Ohun tó sọnù nínú ìṣègùn náà kì í ṣe ọgbọ́n. Ó sọnù pé kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ aláìsàn sílẹ̀, tó sì ń pè é padà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láti wo ohun tí ọrùn náà ti dà. Àìní yìí kan náà ló bá àwọn aláwọ̀ funfun fínra ju bí wọ́n ṣe máa ń jẹ́wọ́ lọ.

Ní Yúróòpù, ẹ̀rù gẹ̀gẹ̀ ń ba àwọn oníṣẹ́ abẹ. Ní 1850, Ẹgbẹ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn ilẹ̀ Faransé dẹ́bi fún gígé e, nítorí pé ó tó ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá tó ń kú sí i. Theodor Kocher, oníṣẹ́ abẹ ní ìlú Bern ní Swítsàlándì, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ń rọra ṣiṣẹ́, ó ń di ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó tó gé e, ó sì ń fọ ọwọ́ àti irin iṣẹ́ mọ́ tónítóní. Kó tó kú ní 1917, ó ti ṣe iṣẹ́ náà fún èèyàn tó ju 5,000 lọ, àwọn tó ń kú lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1909. Ṣùgbọ́n apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn Kocher kò ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ní 1882, Reverdin ti Geneva ta á lólobó pé àwọn kan tí òun yọ gbogbo táírọ́ìdì wọn kò rí bí èèyàn ṣe ń rí mọ́. Kocher bá ránṣẹ́ pe àwọn tó ti wò sàn padà. Àwọn tó yẹ kí wọ́n máa dúpẹ́ ni wọ́n wọlé pẹ̀lú ojú wíwú, ọ̀rọ̀ tó ń fà, òtútù tí kì í kúrò lára. Àwọn ọmọdé tó wà lára wọn kò dàgbà mọ́. Ní 1883, ó jẹ́wọ́ ohun tó rí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: kò sí bí abẹ náà ṣe dára tó, ẹni tí a bá yọ gbogbo táírọ́ìdì rẹ̀ yóò rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ayé ti mọ iṣẹ́ táírọ́ìdì gan-an nìyẹn. Ká ní kò pe aláìsàn padà ni, ìwé rẹ̀ ì bá kún fún ìwòsàn tí kì í ṣe ìwòsàn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ìlọsíwájú ló ń mú ìtọ́jú ẹ̀yìn gùn sí i. Ní 1891, George Murray ní Newcastle gún aláìsàn kan ní omi tí wọ́n fún láti inú táírọ́ìdì àgùntàn. Obìnrin náà gbádùn, ó sì lo ọdún 28 sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá oògùn náà dúró. Wọ́n ṣàwárí pé àwọn ẹ̀yà kéékèèké mẹ́rin tó wà lẹ́yìn táírọ́ìdì ló ń ṣàkóso kálísíọ̀mù nínú ẹ̀jẹ̀, bí abẹ bá sì kàn wọ́n, ọwọ́ àti ètè á máa ta aláìsàn, iṣan á máa fà á, láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n tún kẹ́kọ̀ọ́ pé iṣan tó ń gbé ohùn kọjá ẹ̀gbẹ́ táírọ́ìdì. Bí ó bá farapa, ohùn á há. Ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́ fún obìnrin tó ń pe ọjà, fún akígbe, fún aṣáájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí oníwàásù ní mọ́sálásí. Olóhùn híhá tí kò tíì padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kò tíì wò sàn, ọgbẹ́ rẹ̀ ì báà ti jiná tán.

Nígbà tí ìmọ̀ yìí dé Nàìjíríà, ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí University College Hospital ti ṣí ilẹ̀kùn ní 1957. Ní 1973, Olurin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àkọsílẹ̀ jáde lórí irú àìsàn táírọ́ìdì tí wọ́n ń rí ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ti Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀nà sì jìn láti Ìdóàní sí Ìbàdàn. Ohun tó mú ilé ìwòsàn sún mọ́ àwọn ará Ọ̀wọ̀ jẹ mọ́ òṣèlú: Olóyè Michael Adékúnlé Ajáṣin, ọmọ Ọ̀wọ̀, ló jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ láti 1979 sí 1983, ìtọ́jú ìlera ọ̀fẹ́ sì wà lára ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, UPN, fi ń polongo. Ní àwọn ọdún 1990, ìjọba àpapọ̀ dá Federal Medical Centre sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, ilé ìwòsàn St. Louis ti àwọn Kátólíìkì náà wà nílùú. Báyìí, ọ̀nà dé ibi abẹ kúrú. Ṣùgbọ́n ètò ọ̀fẹ́ ti Ajáṣin kò ré kọjá ìfipágbàjọba ìparí 1983, ẹni tí wọ́n bá sì yọ gbogbo táírọ́ìdì rẹ̀ nílò hóró oògùn kan ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan títí ayé. Wọ́n máa ń dáwó jọ fún owó abẹ ní ilé wa. Mo mọyì ìyẹn gidigidi. Ta ni ń dáwó jọ fún oògùn ọdún kejìlá?

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti di ìtàn àtijọ́, pé iyọ̀ ti pa gẹ̀gẹ̀ run. Ẹ̀rí tó lágbára wà lẹ́yìn wọn. David Marine fi hàn ní Akron ní Amẹ́ríkà, láti 1917, pé áyódíìnì díẹ̀ tó fún àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé kò jẹ́ kí gẹ̀gẹ̀ yọ lọ́rùn wọn. Swítsàlándì bẹ̀rẹ̀ iyọ̀ aláyódíìnì ní 1922. Ní 1993, Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan, láàárín ọdún díẹ̀ sì ni ó ju mẹ́sàn-án nínú ìdílé mẹ́wàá lọ tó ń fi iyọ̀ náà sebẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ń dènà gẹ̀gẹ̀ ọ̀la ni. Kì í yọ́ kókó tó ti le lọ́rùn ẹni àádọ́ta ọdún tó jẹ iyọ̀ lásán ní kékeré. Kókó táírọ́ìdì sì ń yọ lára àwọn tó ń dàgbà, àwọn obìnrin ní pàtàkì, kódà níbi tí iyọ̀ ti péye. Yàtọ̀ sí èyí, iyọ̀ náà ń fẹ́ ìtọ́jú ẹ̀yìn tirẹ̀: ó yẹ kó kù tó mílígíráàmù 15, ó kéré tán, nínú kílógíráàmù kan nígbà tó bá dé ilé ìdáná, oòrùn àti ọ̀rinrin sì ń jẹ ẹ́ bí a bá tú u sínú abọ́ gbalasa lọ́jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Zimbabwe ní àwọn ọdún 1990 tún kọ́ wa lọ́gbọ́n: nígbà tí iyọ̀ aláyódíìnì dé lójijì, táírọ́ìdì àwọn kan tó ti ní kókó tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ọkàn wọn ń sáré, wọ́n ń rù. Ìyọnu díẹ̀ ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ oore rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé iyọ̀ pàápàá, tí kò dá ọgbẹ́ kankan sílẹ̀, nílò ẹni tí yóò máa ṣọ́ ohun tó tẹ̀ lé e.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo abẹ́rẹ́. Àwọn ará Ítálì ló ṣáájú: ní 1990, Livraghi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa fífi ọtí líle gún kókó, ní 2000, Pacella lo iná lésà. Ní 2006, àwọn dókítà ilẹ̀ Kòríà kọ̀wé nípa abẹ́rẹ́ tí ìgbì rédíò ń mú gbóná, èyí ló sì tàn ká jù. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ pa ojú ọrùn kú, aláìsàn ò ní sùn. Wọ́n á máa fi síkáànì wo orí abẹ́rẹ́ náà bó ṣe ń jó kókó láti apá kan sí òmíràn, dókítà á sì máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kó lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Ìrora díẹ̀ lè gba àgbọ̀n tàbí etí kọjá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi yìnyín tẹ ọrùn fún wákàtí kan tàbí méjì, oògùn parasitámọ́ọ̀lù á sì tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Lójú ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè, iṣẹ́ ti parí. Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn Kocher ti ń padà wọlé. Ohun tí iná jó kò jáde kúrò lọ́rùn. Ó kú síbẹ̀, ara ló máa rọra jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀pọ̀ oṣù. Kókó náà lè wú díẹ̀ sí i ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ní oṣù kẹfà, ó máa ń ti dín ju ìdajì lọ. Síkáànì ni a fi ń mọ̀, ní oṣù kìíní, oṣù kẹfà, ọdún kan àti lẹ́yìn náà. Bí etí kókó kan kò bá jó tán, ó lè tún hù lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kókó tó ti jó lè bẹ́ sínú ọrùn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ọrùn á wú lójijì, á sì dunni. Ẹni tó bá rò pé òun ti bọ́ á ti gbàgbé ibi tó fi káàdì ilé ìwòsàn sí nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ẹrù náà tún wà: wọ́n máa ń ní kí aláìsàn má gbé nǹkan tó wúwo fún ọjọ́ díẹ̀, ìmọ̀ràn tó rọrùn fún akọ̀wé, tó sì le fún obìnrin tó ń ru igi ìdáná tàbí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ láti oko Ọsẹ. Orí ló ń ru ẹrù, ọrùn ló ń gbà á dúró.

Àtakò kan wà tí mo bọ̀wọ̀ fún. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan á ní: gé e, kó tán, fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń wo ẹran ara lábẹ́ awò, kí o sì mọ̀ dájú pé kì í ṣe jẹjẹrẹ. Òótọ́ ni. Abẹ́rẹ́ gbígbóná kò fi ẹran kankan sílẹ̀ tí a ó yẹ̀ wò, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ jáde wò, lẹ́ẹ̀mejì lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó jó kókó kankan. Gẹ̀gẹ̀ ńlá tó ti sọ̀ kalẹ̀ sínú àyà, tó ń tẹ ọ̀nà èémí, abẹ ni tirẹ̀; kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ tan irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n “kó tán” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó pé. Bí a bá yọ gbogbo rẹ̀, oògùn títí ayé. Bí a bá yọ ìdajì, ìyókù lè tún wú. Lára àwa adúláwọ̀, ojú abẹ tún lè di àpá tó ga, tó ń yún, tó ń dàgbà kọjá ibi tí wọ́n gé, lójú ọrùn tí a fẹ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí. Ọ̀nà méjèèjì ní ìtọ́jú gígùn. Kìkì pé ti abẹ máa ń farahàn lójú àpá, ti abẹ́rẹ́ sì máa ń fara pamọ́.

Ewu tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ni ibà Lassa. Orúkọ ìlú kan ní Bọ̀rnó ni wọ́n fi pè é láti 1969, ṣùgbọ́n láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, láti 2018 pàápàá, ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára àwọn tó ń rí i jù ní Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ àti Ọsẹ sì wà ní ojú iná. Eku ló ń gbé e, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ tàbí nínú ilé ló ń kó o ran èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara aláìsàn ń kó o ran àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ wo bí èyí ṣe kan ọ̀rọ̀ wa. Ọ̀fun dídùn, ibà, ojú àti ọrùn wíwú: àmì Lassa ni wọ́n. Ọ̀fun dídùn àti ọrùn wíwú tún ni ohun tí a ó sọ fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó kókó rẹ̀ pé kó má fòyà. Ìwé ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún aláìsàn ní Seoul tàbí Róòmù kò ní ìdí láti ronú nípa eku. Ní Ọ̀wọ̀, ìmọ̀ràn tó dára gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ibà kì í ṣe apá kan ìmúbọ̀sípò: bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí a dé ilé, ẹ padà wá lọ́jọ́ náà, ẹ má ra oògùn ibà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì kí ẹ máa wò ó. Àìsàn náà lè fara pamọ́ títí dé ọjọ́ 21, nítorí náà ó lè ti wà lára aláìsàn kó tó dé ibi abẹ. Iṣẹ́ abẹ tó ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ púpọ̀ sì ń fi dókítà àti nọ́ọ̀sì sínú ewu ju abẹ́rẹ́ kan lọ. Mo ka ìyẹn sí ìdí tó lágbára fún ọgbẹ́ kékeré nílẹ̀ yìí, ó sì lè lágbára ju ọ̀rọ̀ àpá lọ.

Àtakò tó kẹ́yìn ni èyí tó máa ń pọ̀ jù lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìlera: pé àwọn ará wa kì í padà wá. Bí ara bá ti yá, ó parí. Ọkọ̀ wọ́n, iṣẹ́ oko ń dúró, ṣíṣe síkáànì fún ẹni tí kò rí ohun tó ń ṣe é dà bí fífi owó ṣòfò. N kò sẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n Lassa kan náà ti fi ẹ̀rí mìíràn hàn. Ní Ọ̀wọ̀ àti Ọsẹ, bí wọ́n bá rí aláìsàn kan, àwọn òṣìṣẹ́ á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fara kàn án, wọ́n á sì máa wọn ìgbóná ara wọn lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 21, nílé, lóko, lọ́jà, títí wọn á fi yọ orúkọ wọn kúrò. Àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ Lassa náà ń fẹ́ àbójútó, nítorí pé bí ẹnì kan nínú mẹ́rin wọn ló ń di adití dé ìwọ̀n kan. Aláìsàn nìkan kọ́ ló ń padà lọ bá ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ń lọ bá a. Ìwé orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọ̀kadà àti ẹni tó mọ ojú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí wọ́n yọ táírọ́ìdì rẹ̀ tàbí tí wọ́n jó kókó rẹ̀ kò nílò àbójútó ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìpè kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ láti gbọ́ ohùn rẹ̀ àti láti béèrè ibà, síkáànì tí ọjọ́ rẹ̀ ti wà nínú ìwé kó tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àti ẹni tí yóò wá a lọ bí kò bá dé.